Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Òfìfo ní Makera: Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀gbẹ́ni Mo-Gbọ́n-Tán

O ti gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ayàwòrán máa ń fi àyè sílẹ̀ rẹpẹtẹ nínú fọ́tò, kí ojú lè lọ tààrà síbi tó yẹ. O ra fóònù tuntun, o wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Makera ní Kaduna. Káàbọ̀. Ohun tí wàá ṣe nìyí.

1. Má bèèrè nǹkan kan. Wàá rí ògiri ilé-iṣẹ́ aṣọ lágbègbè Makera àti Kakuri. Ilé-iṣẹ́ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, ó kógbá sílé ní 2002, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ sì di aláìníṣẹ́. Èwo ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ya ògiri, kọ “Ìfọ̀kànbalẹ̀” sábẹ́ rẹ̀. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Jẹ́ kí àwọn tó jóná wá ibòmíì jókòó sí.

2. Lé gbogbo èèyàn kúrò. Ìyá tó ń din àkàrà kósé létí títì, ní kó sún. Ọmọkùnrin tó ń ti ọmọlanke omi bọ̀ lábẹ́ ògiri, jẹ́ kó kọjá tán kó o tó tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀gá gidi, òun gan-an ni ìbá dúró dè: èèyàn kan ṣoṣo, bíńtín, ní kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, tí yóò jẹ́ ká mọ bí ògiri náà ti ga tó. Ìwọ kọ́ lọ̀gá.

3. Bá ọyẹ́ jà. Lóṣù Disẹ́ńbà sí Fẹ́búárì, eruku ọyẹ́ a sọ ojú ọ̀run Kaduna di funfun gbòò, àyè ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tà fún ọ. Fi áàpù kùn ún ní búlúù. Fi ẹyẹ méjì sí i.

4. Gé e! Bí màmá àgbà kan bá wọ aṣọ òkè, tó jókòó, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, tó to ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí àwọn àgbà Yorùbá ṣe máa ń ya fọ́tò kí odindi èèyàn lè hàn, gé gèlè, gé ẹsẹ̀. Bó bá bínú, ọ̀làjú ni kó o pè é, ṣùgbọ́n jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ kó o tó sọ ọ́. Má sì rò pé ó tán: gé ìdajì ìbú, gé ìdajì òró. Fọ́tò mẹ́gàpíksẹ́lì 12 ti di 3. Wá lọ tẹ̀ ẹ́ ní títóbi bí ilẹ̀kùn.

5. Má ṣe wo iṣẹ́ ayàwòrán J. D. ’Okhai Ojeikere láéláé, yóò bà ọ́ jẹ́. Ní 1968 ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì ya nǹkan bí 1,000. Ẹ̀yìn orí ló yà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ojú kò sí níbẹ̀, ẹ̀yìn fọ́tò mọ́ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, àmọ́ o lè ka ìlà irun kọ̀ọ̀kan, o lè rí ibi tí òwú ti yí i po. Ọkùnrin yìí mọ ohun tó fẹ́ ká rí kó tó mọ ohun tí yóò yọ kúrò. Irú ìmọ̀ yẹn kò yẹ ọ́.

Ó parí. Fọ́tò rẹ ti ṣófo dáadáa, bí orí ẹni tó yà á.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ṣì ní làákàyè, ẹ má ṣe gé ohun tí ẹ kò tíì wò. Bí ẹ bá dé Makera, ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ẹni tó kúrò níbi tí ẹ ń pè ní òfìfo, kí ẹ tó yọ fóònù jáde. Ẹ sì ra kósé lọ́wọ́ ìyá yẹn.