Máàkì àti Àdúgbò

Ẹni méjì ló ń béèrè máàkì JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ní Okota l’Ékòó: yunifásítì àti àdúgbò. Nínú 400 tó wà nílẹ̀, yunifásítì lè gba ohun tọ́mọ mú wá. Ti àdúgbò ò lóǹkà, láti Ago Palace Way ni wọ́n ti ń pariwo, “Èló lo gbà?”

Lóṣù Karùn-ún 2025, àjọ JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe kan ba èsì akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 jẹ́ ní Èkó àti gúúsù-ìlà-oòrùn. Ọ̀gá àgbà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oloyede, sunkún ní gbangba. Wọ́n tún ìdánwò ṣe. Àdúgbò ò tọrọ àforíjì.

Èsì JAMB kì í ṣiṣẹ́ kọjá ọdún kan, ó sì ṣeé tún ṣe. Ìbéèrè àdúgbò ni kì í tán: lẹ́yìn “Èló lo gbà?”, “Ìgbà wo lo máa jáde?” ló kàn, lẹ́yìn náà, “Ìyàwó ńkọ́?”