Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà, Àmọ́ Gbogbo Wọn Ló Ní Oníbodè

Ẹni tí ọ̀nà kan dí mọ́ ni àwọn àgbà ń tù nínú nígbà tí wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọn ò ronú kan ẹni tó máa fẹ́ gba gbogbo ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan náà, torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì dáyé nígbà yẹn. Ó ti dé báyìí. Ilé rẹ̀ wà n'Ìbàdàn, ó wà l'Óṣogbo, ó wà l'Ábẹ́òkúta, ó sì pọ̀ l'Ágége. Ẹni tó bá fẹ́ dá a mọ̀, kó gbójú sókè wo òrùlé: díìṣì kan tó kọjú sí ìlà-oòrùn, òmíràn tó ti dípẹtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, áńtẹ́nà kékeré tí wọ́n fi wáyà dì mọ́ irin fèrèsé. Nínú pálọ̀, dikódà mẹ́ta gun ara wọn lábẹ́ tẹlifíṣàn kan ṣoṣo, baálé ilé sì ń ráhùn pé kò sí nǹkan tí èèyàn lè wò.

Nǹkan kan wà tí òwe náà kò dárúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó pa á mọ̀ ọ́n dunjú. Láyé ìgbà náà, ọ̀nà tó wọ ìlú ní bodè, bodè ní oníbodè, oníbodè a sì gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò kó tó jẹ́ kí ẹrù rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù mọ̀ pé òun máa sanwó. Ìdílé tó bá jókòó lónìí, tó ń jiyàn lórí díìṣì àti áńtẹ́nà, bodè ló ń yàn. Kò tíì sọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà.

Bodè inú pálọ̀ kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò wọ ilé àwọn èèyàn l'Ékòó. Wọ́n kan àpótí kékeré mọ́ ògiri, wọ́n fi wáyà orí òpó so ó mọ́ ibùdó, onílé sì ń sanwó oṣooṣù. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ló máa gbọ́. Bí kò bá wù ú, kó pa á. Nígbà tó di 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí tẹlifíṣàn WNTV n'Ìbàdàn. Afẹ́fẹ́ ló gbé ìyẹn wá, kò sí dikódà láàárín òun àti òǹwòran.

Ní àwọn ọdún 1990 ni MultiChoice láti South Africa wá gbé bodè tirẹ̀ kalẹ̀. Sátẹ́láìtì tí DStv rẹ̀ ń lò fún apá ọ̀dọ̀ wa wà lókè agbedeméjì ayé, ní ìwọ̀n 36 sí ìlà-oòrùn, gíga rẹ̀ sí ilẹ̀ sì tó 35,786 kìlómítà. Ẹni tó bá ń gba títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kó fi ojú inú rìn ín ní ìgbà tó lé ní 250: bí ọ̀nà tí àwòrán náà rìn kó tó wọ pálọ̀ ṣe jìn tó nìyẹn, kò sì bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé. Òjò nìkan ló ń dá a lọ́nà. Ìgbì tó gbé e wá kúrú gan-an, ẹ̀kán òjò sì máa ń fa agbára rẹ̀ mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ṣú nírọ̀lẹ́ Sátidé, tí bọ́ọ̀lù ku ìṣẹ́jú márùn-ún kó parí, gbogbo agbábọ́ọ̀lù á dúró gbagidi lójú kan, àmì àṣìṣe E48-32 á sì yọ.

Ìran tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé lẹ́yìn ìyẹn dùn-ún wò ju bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tó ń so díìṣì wà lókè tòun ti sípánà, ọmọ kan wà lójú fèrèsé, ìyàwó ilé dúró ti tẹlifíṣàn. Ẹni òkè á yí díìṣì díẹ̀, bí ìbú èékánná.

"Ṣé ó ti wọlé?"

Ọmọ á gbé ìbéèrè wọlé, á gbé èsì jáde. "Mọ́mì ní ó ti di 60!"

"Ẹ máa wò ó o!"

"Ó ti di 72! Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti lọ!"

"Ta ló fọwọ́ kan wáyà níbẹ̀ yẹn?"

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n á tún yí i, á fún nọ́ọ̀tì pa, á sọ̀ kalẹ̀, á gbowó rẹ̀. Á fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ kó tó máa lọ, torí òjò ọdún yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn tí òjò ti fojú wọn rí màbo ló sáré gba ọ̀nà kejì nígbà tó là. StarTimes ti àwọn ará Ṣáínà dé ní 2010 pẹ̀lú àjọṣe NTA, GOtv sì tẹ̀lé e ní 2011. Òpó gíga tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nínú ìlú ló ń fọ́n àwòrán káàkiri, áńtẹ́nà kékeré á sì gbà á. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Òkè ló ń dà á láàmú. Ìbàdàn tí wọ́n ní orí òkè méje ló wà, ẹni tí ilé rẹ̀ bá bọ́ sí kòtò lẹ́yìn ọ̀kan nínú wọn á máa fi ọ̀pá kún ọ̀pá títí áńtẹ́nà rẹ̀ á fi ga ju igi máńgòrò lọ. Ní abúlé tí òpó kò dé, áńtẹ́nà kò wúlò rárá, díìṣì nìkan ló kù. StarTimes tilẹ̀ mọ èyí, ìdí tó fi ń ta àtáńtẹ́nà àti díìṣì nìyẹn. Kò sí àdììtú níbẹ̀: ibi tí ilé bá wà ló yẹ kó pinnu.

Ṣùgbọ́n ìbínú ló ń pinnu. Baálé ilé tí owó DStv sú, tó búra pé kọ́bọ̀ òun kò ní wọ àpò MultiChoice mọ́ láé, GOtv ló lọ rà. MultiChoice ló sì ni GOtv. Ó fi bodè kan sílẹ̀ tìbínú-tìbínú, ó bá oníbodè kan náà lẹ́nu èkejì, onítọ̀hún sì kí i káàbọ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Canal+ ti ilẹ̀ Faransé ti gba MultiChoice fúnra rẹ̀, tí oníbodè náà sì ti ní ọ̀gá tuntun. Iyàn díìṣì àti áńtẹ́nà kò tíì parí ní pálọ̀.

Ó níye àwọn tó gbìyànjú láti yà kúrò lọ́nà yìí. Ní 2007, HiTV, iléeṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀tọ́ láti máa fi Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hàn. Ọ̀pọ̀ ilé ra dikódà rẹ̀, wọ́n sì ń yangàn pé tiwa-n-tiwa ni. Ní 2010, ẹ̀tọ́ náà bọ́ mọ́ HiTV lọ́wọ́, kò sì pẹ́ tó fi kógbá sílé. Díìṣì tó dípẹtà lórí òrùlé ọ̀pọ̀ ilé, àtìgbà yẹn ló ti wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gun òkè lọ yọ ọ́. Nígbà tó di 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2017, TSTV jáde l'Abuja pẹ̀lú ìlérí pé ẹni tó bá rìnrìn àjò á lè dá owó rẹ̀ dúró. Àwọn tó ti jìyà HiTV tún yọ owó lápò. Wọn kò bèèrè ohun tó pa ti àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù ló pa á: ẹni tó bá ti ní ẹ̀tọ́ bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ló ni òǹwòran, ìbáà gba ojú ọ̀run tàbí inú wáyà gbé e wá.

Owó bodè ńkọ́? Ní àárín ọdún 2023, 10,500 náírà ni DStv Compact. Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá, ó ti di 12,500. Ó di 15,700 ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ó sì di 19,000 ní oṣù Kẹta ọdún 2025. Premium, ti àwọn tó fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ pátá, di 44,500. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin láti 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Bí ẹni tó ń gba iye yẹn bá san Premium, 25,500 ló kù fún oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti owó ilé. Ebi lè máa pa òun àti ará ilé rẹ̀, àmọ́ wọ́n á lè máa wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń se oúnjẹ tọ̀sán-tòru.

Wọ́n á wò ó bí iná bá wà. Dikódà ò mọ iná. Ọjọ́ ló ń kà. Àdúgbò tí àwọn iléeṣẹ́ iná kà mọ́ Band A, wákàtí 20 ni wọ́n ṣèlérí fún un lójúmọ́, ó kéré tán, owó iná wọn sì fò sí 225 náírà fún wákàtí kílówáàtì kan ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Wákàtí mẹ́jọ ni ìlérí Band D. Nínú wákàtí 720 tó wà nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, 240 ni ti Band D bí ìlérí bá ṣẹ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì máa ń dé nígbà tí bàbá wà níbi iṣẹ́, tí ọmọ wà níléèwé, tàbí tí gbogbo ilé ti sùn. Kí owó tó ti san má baà ṣòfò, baálé ilé á lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Ó ń fi owó gba owó là. Bí epo bá tán, á bọ́ sí ìta, á lọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, á sanwó ẹnu ọ̀nà, á sì wo ìdíje tó ti sanwó rẹ̀ sílé tẹ́lẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ ọn níbẹ̀ ju ilé lọ, torí ariwo pọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti dé iwájú adájọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ àwọn oníbàárà l'Abuja bu owó ìtanràn 150 mílíọ̀nù náírà lé MultiChoice, ó sì ní kó fún àwọn oníbàárà ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ìlú dùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, Adájọ́ James Omotosho ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sọ pé àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, kò láṣẹ láti bá oníṣòwò dá iye lé ọjà rẹ̀. Inú ìlú bàjẹ́. Àwọn tí kò dúró de adájọ́ ni àwọn tó kàn kọ̀ tí wọn ò sanwó mọ́: láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, 243,000 oníbàárà ni MultiChoice pàdánù ní Nàìjíríà.

Ọ̀nà kan wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní bodè, koríko ló hù sí i. Ìjọba ṣèlérí pé kó tó di 17 oṣù Kẹfà ọdún 2015, gbogbo tẹlifíṣàn ìlú á ti di dígítà, tí ẹni tó bá ra àpótí FreeTV á máa wo ìkànnì púpọ̀ láìsan owó oṣù. Ọjọ́ náà kọjá lọ. Oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ní Jos. Ìlọrin àti Òṣogbo wà lára àwọn tó tẹ̀lé e, kò sì kan Èkó títí di 2021. Láàárín gbogbo èyí, bàbá àgbà tó wà ní pálọ̀ n'Ìbàdàn, tí kò bèèrè ju ìròyìn Yorùbá ti BCOS, tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ, ni wọ́n ń sọ fún pé, "Bàbá, ẹ má bínú, owó ti tán, E16 ló ń gbé wá." Ìròyìn náà wà nínú afẹ́fẹ́ lókè orí rẹ̀. Wọ́n ti yọ áńtẹ́nà àtijọ́ dànù ni.

Àwọn ọ̀dọ́ ilé ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní fóònù ti tó àwọn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tuntun ti ń gba YouTube jáde, Netflix ló sì gbé *Aníkúlápó* ti Kunle Afolayan wá ní 2022 àti *Jagun Jagun* ti Femi Adebayo ní 2023. Ṣùgbọ́n wákàtí kan lórí Netflix lè jẹ dátà tó gígábáìtì mẹ́ta bí àwòrán bá mọ́ kedere, ní oṣù Kìíní ọdún 2025 sì ni àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù fi ohun tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Oníbodè yìí kì í ka ọjọ́ nìkan; ó tún ń ka bí àwòrán ṣe ń kọjá.

Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù kò lẹ́nu láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Òun náà ní kó yan láàárín wáyà Virgin Media àti díìṣì Sky, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí kò ṣeé já bọ̀rọ̀, ó sì tún ń san owó ìwé àṣẹ tẹlifíṣàn lọ́dọọdún; £174.50 ni ní 2025. Ó kéré tán, ẹni tó wà n'Ìbàdàn lè dá owó rẹ̀ dúró lóṣù tó bá wù ú, láìsí ẹni tó máa pè é lẹ́jọ́. Àǹfààní yìí wà lọ́wọ́ gbogbo ilé, ilé díẹ̀ ló sì ń lò ó.

Nínú ọ̀kan lára ilé díẹ̀ náà, ìyàwó ilé lẹ bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá wò ó kọ ohun tó wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Zee World wà níbẹ̀ lálaalẹ́, Africa Magic Yorùbá wà níbẹ̀, katúùnù àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Àwọn ìkànnì yòókù, tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sẹ́ni tó ya ibẹ̀. Ó pe ìpàdé.

"Dádì, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ wo bọ́ọ̀lù. Ẹ sì sùn lọ nídìí èkejì."

"Ó ti rẹ̀ mí ni. Àwọn Arsenal náà ò gbá a dáadáa."

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí èyí tó kéré. Ká dá a dúró pátápátá ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje tí kò ní sí líìgì. Ká ra áńtẹ́nà àtijọ́ kan fún Bàbá, kí wọ́n lè máa gbọ́ ìròyìn wọn."

Bàbá àgbà ní ìyẹn dára. Àwọn ọmọ ò gbójú sókè lórí fóònù. Baálé ilé wo bébà náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó gbà pé ìṣirò náà pé.

"Oṣù Kẹfà 2026 lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

"Ife Àgbáyé ńkọ́?"

Wọ́n sún ìpàdé sí oṣù Kẹjọ, tí líìgì máa bẹ̀rẹ̀.