Ìlànà fún Òpònú Tó Fẹ́ Gbé Linux Sórí Kọ̀ǹpútà Ilé

Ọlọ́gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ yọ Windows kúrò kí ẹ fi Linux rọ́pò rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan tó yín, ẹ ó ṣe é tán, ẹ ó sì lọ jẹun. Òpònú ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ẹni tí iṣẹ́ wákàtí kan máa ń di ìpàdé ẹbí mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀gá mi, sún mọ́ ibí. Gbé àga wá.

Kọ́kọ́ rí i dájú pé o kò ní ìdí gidi kankan. Ìdí gidi wà o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú tí Microsoft ń ṣe fún Windows 10 dópin. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Laptop tòkunbọ̀ tí o rà ní Computer Village n'Íkẹjà, tó ti sìn títí ní ọ́fíìsì kan lókè òkun kó tó wọkọ̀ ojú omi wá bá ọ, lè má ní in. Linux á gbé e bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì fún aládùúgbò rẹ̀. Kò sí èyí tó kàn ọ́ níbẹ̀. Ìdí tìrẹ ni pé ọmọ onílé rẹ sọ pé ọmọdé ló ń lo Windows.

Ìtàn ńkọ́? Má wulẹ̀ dá ara rẹ láàmú. Kí lo fẹ́ fi ṣe pé ọdún 1983 ni Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà, tàbí pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Helsinki, Linus Torvalds, ló gbé Linux jáde ní 1991? Bí o bá kà á débẹ̀, wàá rí i pé Linux kì í ṣe ọjà ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, pé oríṣiríṣi ẹ̀dà rẹ̀ ló wà nílẹ̀, pé o ní láti yan ọ̀kan. Yíyàn sì rèé, òun gan-an ni ìwọ kò mọ̀ ọ́n ṣe. Jẹ́ kí n bá ọ yàn.

Linux Mint wà. Ubuntu náà wà, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní 2004. Títí di 2011, wọ́n tiẹ̀ máa ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, ibi yòówù kó máa gbé. Àwọn méjèèjì rọrùn, fi wọ́n sílẹ̀ fún ìyá àgbà. Gentoo ni kí o mú. Kóòdù ni Gentoo sábà máa ń kó fún ọ, kọ̀ǹpútà tìrẹ ló máa wá fi ọ̀pọ̀ wákàtí sọ ọ́ di ohun tó ṣeé lò. Bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ tí NEPA bá mú iná dé, pàápàá tí bátìrì rẹ kò bá gba iná dúró mọ́. (Mo mọ̀ pé NEPA ti yí orúkọ padà. Ìwà ni kò yí.) Nígbà tí ojú rẹ bá ti rí màbo, padà sórí Ubuntu bí ẹni pé òun lo fẹ́ látilẹ̀.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Má ṣe ẹ̀dà ohunkóhun. Mo mọ ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn: fọ́tò ìsìnkú ìyá rẹ, àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn oníbàárà ìyàwó rẹ, iṣẹ́ àṣekágbá àbúrò rẹ tó wà ní Ifẹ̀, tí ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó lọ tún orí kẹta kọ. Hard disk ìta tó lè gba gbogbo rẹ̀ wà lọ́jà, o ní ó wọ́n. Google Drive ń fúnni ní àyè gígábáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́, o ní o kò fẹ́ kí òyìnbó máa wo fọ́tò rẹ, ìwọ tí ò ń gbé e sórí Facebook láràárọ̀. Bí BitLocker bá ti ti hard disk náà pa, tí wọ́n sì ní kí o tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 48, rẹ́rìn-ín kí o máa lọ. Má sọ fún ìyàwó. Má sọ fún àbúrò.

Fáìlì Ubuntu 24.04 ju gígábáìtì 5 lọ. Fi dátà fóònù wà á wálẹ̀. Bó bá já lójú ọ̀nà, èyí tó wọlé náà tó. Má fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n gbé jáde pẹ̀lú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, kọ́pì rẹ̀ sórí flash bí o ṣe ń kọ́pì orin. Rufus wà, balenaEtcher wà, iṣẹ́ wọn ni láti kọ fáìlì náà sórí flash lọ́nà tí kọ̀ǹpútà fi lè tan láti ibẹ̀. Ìwọ ti da bíríkì sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ò ń wá ẹnu ọ̀nà tó wọ yàrá. Nígbà tí kò bá tan, tẹ F12, F9, Esc àti Delete pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn ni tirẹ̀ lóòótọ́, ó kù sọ́wọ́ kọ̀ǹpútà láti mọ èyí tí o ní lọ́kàn.

Bó bá wá ṣèèṣì tan, ṣọ́ra, wọ́n fẹ́ gbà ọ́ là. Ubuntu yóò bi ọ́ bóyá o fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò láti orí flash láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ní tèmi o, kò sí ohun tó dáa tó èyí nínú gbogbo ètò náà. O lè wò ó bóyá Wi-Fi ń mú, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ó dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ mọ̀. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, pa á, yọ flash, Windows rẹ wà níbi tí o fi í sí. Nítorí náà, fò ó. Yóò tún bi ọ́ bóyá kó gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, kí o máa mú èyí tó bá wù ọ́ nígbàkígbà tí o bá tan ẹ̀rọ. Fò ó. Ibi tí wọ́n kọ Erase disk sí ni tìrẹ. Wọn ò fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ pamọ́ fún ọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà, wọ́n tún ní kí o fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ kíá, kó tó di pé o kà á.

Ó ti wọlé. Wi-Fi kò mú, ìwọ lo fo ìdánwò. Kọ àṣẹ tí ẹnikẹ́ni bá ní kí o kọ, pàápàá èyí tó bá fi sudo bẹ̀rẹ̀, nítorí sudo ló ń fún ọ lágbára lórí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Bí rm -rf bá tẹ̀lé e, má béèrè ohun tó ń ṣe. Ó ń pa nǹkan rẹ́ ni, òun náà kì í béèrè. Bó bá jẹ́ Ṣómólú lo ti ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, tó jẹ́ CorelDRAW ló ń bọ́ ọ, ọjọ́ kejì ni kí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé wọn kì í ṣe é fún Linux mọ́. LibreOffice wà níbẹ̀ tó lè ṣí Word àti Excel. Má ṣí i, pariwo pé Word ti sọnù. Àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá tó ní ẹ, ọ àti ṣ wà nínú ètò Ubuntu. Má wá a débẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó rẹ bá béèrè àkọsílẹ̀ gbèsè, sọ fún un pé Linux ló jẹ ẹ́. Sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, sọ ọ́ níbi ìpàdé àdúgbò. Àwọn tó jẹ ẹ́ lówó ni yóò máa gbàdúrà fún Linux. Lẹ́yìn náà, gbé kọ̀ǹpútà lọ fún ẹ̀njíníà kó bá ọ wá àwọn fáìlì náà padà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: ohun tuntun tó bá gorí ohun tó parẹ́ ló ń mú kó ṣòro láti rí padà. Owó tí ẹ̀njíníà máa bù fún ọ yóò ju ti hard disk ìta tí o ní ó wọ́n lọ. San án, má jiyàn.