Eré Tí Kò Ní Aago: Brooklyn Dodgers ní Ọdún 1955

Bésíbọ́ọ̀lù, ìyẹn eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti máa ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n bá jù sí wọn, kò ní aago tó ń dá a dúró: abala mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbá, abala kan kì í sì í parí àfi bí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti rí ẹni mẹ́ta lé jáde nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ kejì. Ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé New York a máa ráhùn pé eré náà kò lópin, bẹ́ẹ̀ òun yìí náà ló ń kọ aago méjì sínú ìwé ìpè sí òde tí kò ní bẹ̀rẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn tó ń fi wákàtí ka owó iṣẹ́ ṣe ń ní sùúrù, kí ó wo ikọ̀ Brooklyn Dodgers. Láàárín ọdún 1941 sí 1953, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n dé World Series, ìdíje àṣekágbá tí ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ti ń gba ipò kìíní, ẹ̀ẹ̀marààrún sì ni New York Yankees, aládùúgbò wọn, nà wọ́n, tí àwọn alátìlẹyìn wọn á sì ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà yé ará Ìbàdàn, nítorí Zamalek ti Íjíbítì tó borí Shooting Stars, ikọ̀ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Ìbàdàn, ní àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1984 náà ló tún padà wá borí wọn ní 1996.

Ní 1955, Dodgers borí nínú eré mẹ́wàá àkọ́kọ́ sáà náà láìpàdánù ẹyọ kan. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, nínú eré keje World Series pẹ̀lú Yankees, wọ́n ń fi ayò 2 sí òdo ṣíwájú ní abala kẹfà, nígbà tí Yogi Berra ti Yankees gbá bọ́ọ̀lù sí igun òsì pápá, níbi tó jọ pé ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o. Sandy Amoros, ọmọ Kúbà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀ ní abala yẹn gan-an, sáré dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó na ọwọ́ ọ̀tún tó wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ sí, ó sì hán an. Ọwọ́ òsì ni Amoros fi ń jùkò, ìdí nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fi wà ní ọ̀tún. Ká ní ilé Yorùbá ni wọ́n ti tọ́ ọ, wọn ì bá ti fi pàṣán gba ọwọ́ òsì náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré, ipò kìíní tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà ì bá sì ti bọ́ mọ́ Brooklyn lọ́wọ́.

Lẹ́yìn sáà ọdún 1957, ikọ̀ náà palẹ̀ ẹrù mọ́, ó já pa lọ sí Los Angeles, ó fi àwọn tó ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn dúró tì í sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò lè bá Dodgers wí lórí èyí, àfi ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Brooklyn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á láti bú ẹni tó já pa.