Kí Ló Wà Nínú Páálí Ràfíù?

Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ ọ o, ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́bí díẹ̀. Ràfíù, ọmọ tó gba yàrá ẹ̀yìn nílé wa l'Ókè-Àdó, ẹ ṣàkíyèsí pé ọlọ́kadà kì í yé gbé páálí kékeré wá fún un? Bó bá ti gbà á tán, á ti ilẹ̀kùn, á faṣọ dí fèrèsé, iná pupa á máa yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, òórùn fínígà á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Sikírá ní oògùn owó ni. Ìyá Délé ní Yahoo ni. Èmi ò sọ nǹkan kan. Èmi tí mò ń ta yìnyín fún un, ṣé kí n fẹnu ara mi ba ọjà mi jẹ́ ni?

Yìnyín yẹn gan-an ló sì tú àṣírí. Mo ní, "Ràfíù, kí lo ń fi yìnyín ṣe tí n kì í rí i kó o mu ún?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, fíìmù ni mò ń fọ̀." Àṣé oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù, díígírì 20 ni wọ́n ń fẹ́ kó wà. Omi táǹkì tiwa ńkọ́, lọ́sàn-án gangan n'Íbàdàn? Ẹ lè fi po ẹ̀kọ. Òórùn fínígà yẹn, ásíìdì tó ń dá oògùn dúró ni. Iná pupa, ìgbà tó bá ń tẹ fọ́tò sórí bébà nìkan ló ń tàn án. Ẹ wá wo ọmọ tá a ti fẹ́ fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Fíìmù! Ẹ rántí ayé ìgbà tó kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò? Ẹ ó ya 36, ẹ ó máa retí. (Gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó Ìyá Sikírá ni ọkọ rẹ̀ ti dijú. Ìyẹn dọjọ́ mìíràn.) Fóònù ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Polaroid, tí àwọn "wait-and-get" fi ń ya páásípọ́ọ̀tù wa, kéde lọ́dún 2008 pé àwọn ò ṣe fíìmù mọ́, àfìgbà táwọn kan tí kò lè rí i kó kú gba iléeṣẹ́ tó kù ní Enschede, nílẹ̀ Nẹ́dálándì. Kodak fúnra rẹ̀ gba kóòtù lọ lọ́dún 2012, gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ràfíù wá fíìmù dé Dùgbẹ̀, ó wá a dé Gbági, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń fi owó ẹyọ rajà. Mi ò sì dá oníṣọ́ọ̀bù lẹ́bi. Ta ni yóò kó fíìmù jọ nítorí oníbàárà kan, nǹkan tó lọ́jọ́ tó ń bàjẹ́, tí ooru tiwa yìí ò sì ní jẹ́ kó pẹ́? Ṣùgbọ́n ẹnì kan n'Íbàdàn, ẹnì kan l'Ábẹ́òkúta, ẹnì kan ní Kútọnu, bí wọ́n bá pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti tó ohun tí olówò lè dúró dè. Ẹni tó ń wá bàtà àti wíìgì, Gbági wà fún un. Ẹni tí ìfẹ́ rẹ̀ ṣàjèjì ńkọ́? Íntánẹ́ẹ̀tì ni Gbági tirẹ̀, ibẹ̀ ni Ràfíù sì ti ń ra ohun inú páálí rẹ̀. Ràfíù ní lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà lórí ọjà tó di eBay, lọ́dún 1995, ni iná lésà kékeré tó ti bàjẹ́, dọ́là 14.83. Olùrà ní èyí tó bàjẹ́ gan-an lòún ń kó jọ! Mo rẹ́rìn-ín títí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára.

Owó tí wọ́n fi ń gbé ọjà wá máa ń ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ o, ìyẹn ò tíì kan ọjọ́ tí káàdì báńkì bá kọ̀.

Ẹni tó wá yà mí lẹ́nu ni Bàbá Onífọ́tò. Ẹ mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í gbé dé ọ̀dọ̀ J. D. 'Okhai Ojeikere: pé Ìbàdàn níbí lọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá òkùnkùn iléeṣẹ́ ètò ìròyìn ìjọba lọ́dún 1954, kó tó di ayàwòrán tó ń ya irun bíi ṣùkú àti onílé-gogoro tí gbogbo ayé ń wò. Bàbá yìí ní Yashica Electro 35 kan tó ti ń sùn nínú àpótí tipẹ́. Bátìrì oní-mẹ́kúrì ló ń lò, wọn ò sì ṣe é mọ́ nítorí májèlé inú rẹ̀. Ràfíù tẹ fóònù pẹ́pẹ̀pẹ́, ó rí irin kékeré kan tẹ́nì kan ń tà, tí wọ́n ń ki bátìrì òde òní bọ̀, kó lè wọ kámẹ́rà náà géérégé. Bàbá tó ń pe íntánẹ́ẹ̀tì ní ibùba olè!

Ní báyìí, òun gan-an ló ń ṣọ́ ọlọ́kadà lẹ́nu géètì. Ó ti ra fíìmù Ilford láti Ìlú Ọba. Ó ti ra háípò tí wọ́n fi ń fọ fíìmù. Ó tún ra okùn aláwọ tó ń fi gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ bi í léèló lokùn yẹn, ó ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Mo rí rìsíìtì o! Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni, wọn ò sì tíì ka owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi yín, ẹ ò rí mi lónìí.