Oríkì Pijó Arúgbó Tó Ń Wá Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Peugeot 504 tí wọ́n ti tún ṣe láìmọye ìgbà ní Ṣakí kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Atìí-kó-tó-jí ni. Èéfín-ṣíwájú-òkìkí ni. Afẹ̀yìn-ga-bí-ẹni-ń-wárí-fọ́ba, ọkọ̀ tó húkọ́ ní Agọ́-Àrẹ tí wọ́n gbọ́ ọ ní Tèdé. Nínú ìdíje autocross, irú ọlọ́lá bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣòro jù láti fi sí ẹgbẹ́ tó tọ́ sí i. Lórí pápá ọlọ́dà gbígbòòrò ni wọ́n ti ń to kóònù fún ìdíje yìí. Ọkọ̀ á máa sáré kọjá láàárín wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aago á sì máa ṣe adájọ́. Níwọ̀n bí ọkọ̀ kan kò ti ní fojú kan èkejì lójú eré, ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ ọkọ̀ sí ló ń sọ ẹni tó ń bá figagbága.

Ìran rẹ̀ kò kéré. Ọdún 1968 ni 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1969 wọ́n fi jẹ ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà ní Yúróòpù. Ní 1975 ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọdún yẹn kan náà sì ni Ove Andersson wa 504 gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kẹ́ńyà. Jean-Pierre Nicolas tún gba Safari ní 1978, ó sì gba ti Bandama ní Ivory Coast lọ́dún yẹn. Gbogbo oyè wọ̀nyí ni Atìí-kó-tó-jí ń jẹ́ bí ó bá ń ru iṣu àti èlùbọ́ lọ sí Ìsẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kì í rán an létí pé ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, oní-sìlíńdà mẹ́fà, ni Nicolas wà, tí sìlíńdà tirẹ̀ kò sì ju mẹ́rin lọ, tí ọ̀kan nínú mẹ́rin náà sì máa ń sinmi bí ó bá ti rẹ̀ ẹ́.

Nílé, ẹgbẹ́ rẹ̀ rọrùn láti mọ̀. Àwọ̀ nọ́ńbà ara ọkọ̀ ló ń sọ ọ́: búlúù fún ti ara ẹni, pupa fún ti èrò, àwọ̀ ewé fún ti ìjọba. (Àwọn kan wà tí nọ́ńbà wọn jẹ́ búlúù tí èrò inú wọn sì jẹ́ méje, ìyẹn kò sí nínú ẹjọ́ tí à ń rò yìí.) Autocross kì í wo nọ́ńbà. Ohun tí wọ́n yí padà lára ọkọ̀ ló ń wò.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ SCCA tó ń bójú tó ìdíje náà to ọkọ̀ sí ìpele: Street ló wà nísàlẹ̀, Street Touring tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Street Prepared, Street Modified, Prepared, títí dé Modified. Street ni ilé ọkọ̀ tó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí ilé iṣẹ́ ṣe kọ́ ọ. Olówó rẹ̀ lè pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù. Ó lè pààrọ̀ táyà pẹ̀lú, bí nọ́ńbà tó ń sọ bí táyà ṣe ń tètè jẹ kò bá ti dín ní 200. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sípíríǹgì. Inú Street Touring ni sípíríǹgì ti rí àyè, ẹ́ńjìnnì mìíràn sì di Street Modified, ìyẹn bí ó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà. Nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n tún fi lẹ́tà pín ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn.

Ẹni tó ń wá ẹgbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ á kọ gbogbo ohun tí wọ́n ti yí padà sílẹ̀, láti táyà dé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á wá ka ìwé òfin láti ìpele ìsàlẹ̀ lọ sókè, á sì dúró níbi àkọ́kọ́ tó gba ohun gbogbo tó kọ. Àtúnṣe kan ṣoṣo tí ìpele kan kò gbà ti tó láti lé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Òfin kì í béèrè bóyá àtúnṣe náà mú ọkọ̀ yá sí i.

Ibẹ̀ ni oyè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò lé Atìí-kó-tó-jí lórí. Sípíríǹgì tí wẹ́dà fi kún ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí àpò èédú ti gbé e kúrò ní Street. Ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n tú, tí wọ́n fi pákó rọ́pò, kò jẹ́ kó padà síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Toyota tí mẹkáníìkì rì mọ́ inú Pijó nígbà tí ojúlówó rẹ̀ kú ló wá parí ọ̀rọ̀: kabíyèsí fo Street Modified, ó di ẹgbẹ́ àwọn tó wà ní Prepared tàbí Modified, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ fún eré ìje nìkan. Agbára làwọn yẹn fi gorí àga. Àìsàn ni òun fi gorí tirẹ̀, òun Agba-oyè-lórí-ibùsùn, Arọ-tó-ń-jókòó-láàárín-àwọn-sárésáré.

Oyè náà sì lówó orí. Kí wọ́n lè fi ọkọ̀ ìpele kan wé ti òmíràn, wọ́n ní ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní PAX: wọ́n á fi nọ́ńbà tí wọ́n yàn fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ àkókò ọkọ̀ di púpọ̀. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ tó ga máa ń sún mọ́ 1, ti ìsàlẹ̀ máa ń kéré sí i. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá 70 ni ọlọ́lá lò. Bí nọ́ńbà ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 0.8, á di 56. Bí ó bá jẹ́ 0.9, á di 63. Ìṣẹ́jú àáyá méje ló fi ra ìpele gíga.

Lẹ́yìn ẹgbẹ́ ló kan àyẹ̀wò. Bátìrì gbọ́dọ̀ dúró digbí, nọ́ọ̀tì táyà gbọ́dọ̀ pé, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ máa yí kiri nínú ọkọ̀, ì báà jẹ́ jáàkì, ì báà jẹ́ gálọ́ọ̀nù omi rédíétọ̀. Wọ́n á wá lẹ nọ́ńbà àti lẹ́tà ẹgbẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn kan máa ń lo nọ́ńbà onímágínẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n irin ni mágínẹ́ẹ̀tì ń gbá mú. Ilẹ̀kùn tí panẹbítà ti fi fílà dí láti òkè dé ìsàlẹ̀, téèpù ni wọ́n máa ń lò fún un.