Gbogbo Ìwé Àtijọ́ Ṣì Wúlò

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọn kò ní pásítọ̀ là ń wò. Ilé ọdẹ ń bí Ọdẹ́wálé, ilé oyè ń bí Oyèdèjì, ilé onílù ń bí Àyánwálé, ilé Ifá sì ń bí Fágbèmí. Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ti mọ agboolé, ó ti mọ iṣẹ́ baba, ó sì ti mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ oríkì. Lóde òní, òwe náà ti gba ibòmíràn yọ. Ìsìn ìtúsílẹ̀ ni wọ́n ń lọ kí wọ́n tó mọ orúkọ tí ọmọ ọdún 45, baba ọlọ́mọ mẹ́ta, yóò máa jẹ́.

Ẹ ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé tí ìkéde ìyípadà orúkọ máa ń wà. Láàárín àwọn ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ ọkọ, wọn kò ní í wọ́n níbẹ̀: Fágbèmí ti di Jésùgbèmí, Ògúnlànà ti di Olúlànà, Èṣùbíyìí ti di Jésùbíyìí. Iṣẹ́ náà kò le. Ẹni tọ́rọ̀ kàn á lọ búra ní kóòtù, á san owó ìkéde, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ pé ẹni tó ń jẹ́ Lágbájá tẹ́lẹ̀ ti di Tàmẹ̀dò. Gbólóhùn tó máa ń kádìí ìkéde náà ló dùn jù: gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì wúlò, kí gbogbo ayé ṣàkíyèsí.

Ẹ̀mí òkùnkùn ti jáde nínú orúkọ, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí WAEC tó gba orúkọ ẹ̀mí òkùnkùn náà kò gbọdọ̀ bá a jáde. Àkáǹtì báńkì kò gbọdọ̀ bá a jáde. Ifá burú, ṣùgbọ́n kírẹ́díìtì mẹ́fà tí Fágbèmí gbà kò burú.

Ohun tí wọ́n ń wí lórí pẹpẹ ni pé orúkọ ń ro ọmọ. Òwe nìyẹn náà, ẹnu àwọn baba tí orúkọ wọn kò dára yìí kan náà ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ. Owó oṣù ẹnìkan kò wọlé, ọkọ kò dé, wọn kò fún un ní físà: Ògún ló fà á. Ọ̀gá tó jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́ta kò jẹ̀bi, orúkọ Bíbélì ni tirẹ̀.

Bí orúkọ bá ń ro ni báyìí, ó yẹ kí wọ́n yẹ Awólọ́wọ̀ wò. Awo ló jókòó síwájú orúkọ yẹn, kò fara pamọ́. Onígbàgbọ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìjọba rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ló sì sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní 1955. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń lé awo kúrò nínú orúkọ lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ni àwọn òbí wọn ti mọ A yàtọ̀ sí B. Ní 1944 ẹ̀wẹ̀, ìjọ Aládùúrà kan, Church of the Lord, fẹ́ kí wọ́n ṣe eré ọgbà Édẹ́nì ní Èkó. Hubert Ògúndé ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún. Kò sẹ́ni tó ní kí Ògún kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú orúkọ kí Ádámù tó wọ ọgbà.

Ti Fágúnwà tún wá ládùn. Oròwọlé ni wọ́n ń pè é ní kékeré ní Òkè-Igbó. Nígbà tó di onígbàgbọ́, ó di Daniel Ọlọ́runfẹ́mi. Orò jáde nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ifá kò kúrò nídìí orúkọ baba. Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé CMS gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Fágúnwà ló wà lára ìwé náà. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí Ifá lára rẹ̀, wọ́n rí irúnmalẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì tà á.

Bíbélì gan-an kò gbe àwọn tó ń pààrọ̀ orúkọ. Nínú ìwé Dáníẹ́lì, ààfin Bábílónì yí orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin Júù mẹ́rin padà. Ọba fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní orí kẹrin pé orúkọ òrìṣà òun ni wọ́n fi pe Dáníẹ́lì ní Belteṣásárì. Àwọn mẹ́ta yòókù di Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò, àwọn onímọ̀ sì ní ẹrú Nébò, òrìṣà Bábílónì kan, ni Àbẹ́dínígò túmọ̀ sí. Pẹ̀lú orúkọ yìí ni wọ́n ju wọ́n sínú iná ìléru, pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n jáde, irun orí wọn kò sì jóná. Ta ló rántí Hananáyà, Míṣáẹ́lì àti Àsáráyà tí àwọn òbí wọn sọ wọ́n? Orúkọ Bábílónì ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì títí dòní.

Pọ́ọ̀lù náà kí arákùnrin kan tó ń jẹ́ Hermes nínú Róòmù orí 16. Òrìṣà tó ń jíṣẹ́ fún àwọn òrìṣà yòókù nílẹ̀ Gíríìkì ló ni orúkọ yẹn. Ẹ wo iṣẹ́ náà dáadáa: nílẹ̀ Yorùbá, Èṣù ló ń ṣe é. Ká ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni arákùnrin náà, Èṣùbíyìí ni ì bá máa jẹ́. Pọ́ọ̀lù kí i, ó kọjá, kò ní kó lọ san owó ìkéde.

Wòlíì tó ń fa Ifá yọ nínú orúkọ kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí "wòlíì" ti wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni. Àdúrà tó fi ń lé Ifá, ọ̀dọ̀ wọn náà ni. Àlùfáà àti ìwàásù ńkọ́? Ibẹ̀ náà ni. Àwọn tó kọ́kọ́ tú Bíbélì sí Yorùbá bá àwọn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ará ìlú, wọ́n sì mú wọn lò láìfi ẹ̀rù bà wọ́n. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, àgbà wọn, gba orúkọ òyìnbó níbi ìtẹ̀bọmi ní 1825, síbẹ̀ kò sọ Àjàyí nù. David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó, tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1894, ó bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀ pátápátá, ó di Mọ́jọlá Àgbébí, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó mọ́ ọn. Lójú tirẹ̀, ilé ṣì ni wọ́n ń wò.

Ohun tó pani lẹ́rìn-ín jù ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pààrọ̀. Nínú Jésùgbèmí, "gbèmí" kò kúrò. Babaláwo kan tí inú rẹ̀ dùn ló kọ́kọ́ dá ọpẹ́ yẹn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kàn yí ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ padà ni. Bí wọn kò bá sì ṣọ́ra, ìpààrọ̀ náà á kó wọn sí wàhálà ẹ̀kọ́ ìsìn: bí Fátúndé bá lọ di Jésùtúndé, a jẹ́ pé ìpadàbọ̀ ẹ̀ẹ̀kejì ti ṣẹlẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, tí àwọn oníwàásù ṣì ń retí rẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ká ní bàbá Jésùgbèmí fi éékà mẹ́rin sílẹ̀ lábúlé kó tó kú. Lọ́jọ́ tí ẹbí bá pé láti pín in, Fágbèmí ló wà lórí ìwé ilẹ̀, olórí ẹbí kò sì mọ ẹnì kankan tó ń jẹ́ Jésùgbèmí. Ọkùnrin tó jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òun ti já okùn tó so òun mọ́ ilé baba òun á bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé náà, bó tilẹ̀ ń ṣì í kì. Nígbà tí oríkì bá tán lẹ́nu rẹ̀, á ki ọwọ́ bọ àpò, á yọ ìkéde tó gé nínú ìwé ìròyìn, èyí tó ti fi ọ̀rá bò kó má baà ya. Á fi ìka sí ìlà tó gbẹ̀yìn, á sì nà án sí àwọn àgbà kí wọ́n kà á.